Ẹsẹ̀ Tó Ń Jó, Òṣìṣẹ́ Ló Ni Ín: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ijó Ballet

Birmingham ni mo ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń wo ijó ballet, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Hippodrome tó wà láàárín ìlú wa níbí, díẹ̀ ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan péré ní Paris. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ àti àwọn ẹbí ní Ìbàdàn ló ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Mo kó wọn jọ, mo sì dáhùn wọn bó ṣe rí lọ́kàn mi.

Kí lẹ tiẹ̀ rí nínú ijó tí ẹnikẹ́ni kì í ti í la ẹnu?

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ àti apá ló ń sọ ọ́. Àwa tí ìyá ìlù ń kì láti orí dé ẹsẹ̀ láì la ẹnu, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Lọ́jọ́ kìíní tí mo lọ, ìbàdí ni mo tẹjú mọ́, torí ibẹ̀ ni ijó máa ń wà lọ́dọ̀ wa. N kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo gbé ojú kúrò níbẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ọrùn, ìka ọwọ́ àti bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń kúrò nílẹ̀, ni ojú mi tó là.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà ṣá. Bí onílù bàtá bá yí ọwọ́ padà, oníjó á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n jọ ń ṣe é ni. Nínú ballet, wọ́n ti to ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ eré, ẹlòmíràn sì lè ti jó o bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ wo oníjó méjì nínú ipa kan náà, ọ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì, èkejì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó rí i pé ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ò tíì wò ó rí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Giselle. Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 1841. Ọkùnrin ọlọ́lá kan para dà bíi mẹ̀kúnnù, ó fi ìfẹ́ tan ọmọge abúlé kan jẹ. Ọmọge náà gbọ́ òótọ́, orí rẹ̀ dàrú, ó kú. Ní apá kejì, a bá a lọ́dọ̀ àwọn iwin, àwọn ọmọge tí ọkùnrin já kulẹ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, tí wọ́n ń fi ijó pa ọkùnrin tí ilẹ̀ bá ṣú bá nínú igbó. Ìtàn tí ìyá àgbà lè pa fún wa lábẹ́ òṣùpá ni. Bí ẹ bá ti wo ti àtijọ́ tán, ẹ wá èyí tí Akram Khan gbé kalẹ̀ fún English National Ballet ní 2016. Nínú tirẹ̀, àwọn ará abúlé ti di òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta, ògiri ńlá kan sì pààlà sáàárín wọn àti àwọn olówó. Mo sunkún níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní Swan Lake ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, nítorí orúkọ rẹ̀. Moscow ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1877, ṣùgbọ́n èyí tí Petipa àti Ivanov ṣe ní St Petersburg ní 1895 ni ìyá èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń wò lónìí. Ó dára, ó sì gùn. Níbẹ̀ ni oníjóbìnrin ti ń fi ẹsẹ̀ kan pòyì nígbà 32, tí àwọn òǹwòran á sì máa kà á lábẹ́lẹ̀. Ẹ má kà á. Ẹ wo àwọn oníjó tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé bí ẹyẹ funfun orí omi. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi dúró, wọ́n na èkejì sẹ́yìn, wọn ò sì gbọdọ̀ mira ní gbogbo ìgbà tí ọ̀gá oníjó bá ń jó láàárín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán ni o. Òógùn á máa gbẹ mọ́ wọn lára, iṣan ẹsẹ̀ á máa fà, wọn ò ní yí ọrùn. Ìdúró yẹn wú mi lórí ju ìpòyì lọ.

Nutcracker, ti 1892, dára fún ọmọdé nígbà Kérésì. Òun ló ń pa owó jù fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ballet, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Òun náà ló ń tán oníjó lókun, torí wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan gbáko.

Ṣé kì í ṣe àwọn olówó nìkan ló lè ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Rárá. Òótọ́ ni pé ìjókòó ìsàlẹ̀ ní Covent Garden lè gba owó tí ẹ fi máa jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá wà, ààyè ìdúró wà, wọ́n sì máa ń kó tíkẹ́ẹ̀tì díẹ̀ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ní Birmingham, òkè ni èmi fẹ́ràn láti jókòó sí, torí láti òkè ni ènìyàn ti ń rí bí ìlà àwọn oníjó ṣe ń pín àti bó ṣe ń padà pàdé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ wá World Ballet Day. Láti 2014 ni àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ti ń ṣí yàrá ìfidánrawò wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ kan, ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ oníjó láìsí iná àti aṣọ dídán, ọjọ́ yẹn ni.

Kí là ń wọ̀ lọ? Ìgbà wo là ń pàtẹ́wọ́?

Aṣọ tó bá wù yín. Èmi máa ń wọ ìró àti bùbá, gèlè nìkan ni mi ò wé, nítorí ẹni tó jókòó sẹ́yìn mi. Ẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tí oníjó bá parí ijó àdájó tó sì tẹríba. Kò sí owó níná níbẹ̀. Ìyẹn nira fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ẹni tó bá jó dáadáa, a kì í fi ọwọ́ lásán wò ó.

Ẹgbẹ́ wo lẹ fẹ́ràn jù?

Birmingham Royal Ballet ni, n ò sì ní fi bò. Lọ́dún 1990 ni ẹgbẹ́ náà kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá bá wa. Wọ́n ní ẹgbẹ́ olórin tiwọn, Royal Ballet Sinfonia, wọ́n sì ń gbé eré kiri àwọn ìlú mìíràn. Carlos Acosta ló ń darí wọn láti oṣù Kìíní 2020. Ní 2023, ó gbé ijó kan jáde lórí orin Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin onígìtá líle tó jẹ́ ọmọ Birmingham níbí. Àwọn kan ní ó ti ba ballet jẹ́. Èmi ò gbà. Mo rí àwọn bàbá oníjákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú tí wọn kò tẹ gbọ̀ngàn yẹn rí láyé wọn, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ohun tó ń ba ballet jẹ́ ni kí owó gbẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ìjọba ìlú Birmingham kéde pé àpò àwọn ti lu. Wọ́n gé owó tí wọ́n ń fún àwọn ẹgbẹ́ eré ńláńlá ìlú yìí sí ìdajì, lẹ́yìn náà wọ́n gé e tán pátápátá. Bí owó bá sì ti dín, ẹsẹ̀ oníjó ló máa ń dé sí gbẹ̀yìn: ènìyàn díẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ ẹni púpọ̀, ọjọ́ ìsinmi á sì dín.

The Royal Ballet, tí Ninette de Valois dá sílẹ̀ ní 1931, ni mo gbà pé ó mọ eré ṣe jù. Wọ́n lè sọ ìtàn. Bí wọ́n bá ń jó Romeo and Juliet tí MacMillan gbé kalẹ̀ ní 1965, ẹ ó rí i pé ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá tó ń ta ọsàn lọ́jà náà ní nǹkan tó ń rò. Ẹsẹ̀ àwọn ará Paris ló mọ́ jù, kò sí ẹni tó lè bá wọn du ìyẹn, ṣùgbọ́n lálẹ́ tí mo wò wọ́n, ọkàn mi kò gbóná. Ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò yẹ kí ẹ pàdánù: Ballet Black, tí Cassa Pancho dá sílẹ̀ ní 2001 fún àwọn oníjó tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Ijó tuntun ni wọ́n sábà máa ń jó, ẹ̀yin náà á sì rí ara yín níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé bàtà wọn kì í ju alẹ́ kan lọ?

Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń jó ipa ńlá. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, torí bàtà ni mo fi mọ̀ pé iṣẹ́ ni ijó yìí.

Bàtà yìí ni àwọn oníjóbìnrin fi ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Kò sí igi nínú imú rẹ̀, kò sí irin. Aṣọ, pépà àti gúlúù ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra títí á fi le bíi pákó, kí wọ́n tó fi sátínì bò ó. Freed of London, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ṣì ń fi ọwọ́ ṣe é. Oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tó ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bàtà, oníjó á sì mọ àmì ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ bí ẹni mọ ọwọ́ olóúnjẹ rẹ̀. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ náà bá fẹ̀yìn tì, ìbànújẹ́ ló máa ń jẹ́ fún oníjó. Òógùn ló ń pa bàtà: ó ń rin gúlúù títí á fi rọ̀, bó bá sì ti rọ̀, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbé ènìyàn dúró.

Ọmọbìnrin mi kọ́ ọ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣe bàtà, lórí tábìlì ilé ìdáná. Òwú tí wọ́n fi ń nu àárín eyín ló fi ń rán ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, torí ìyẹn kì í já. Èmi á fi iná ra etí ríbọ́ọ̀nù kó má bàa tú. A ó gbá imú bàtà mọ́ òpó ilẹ̀kùn, gbì, gbì, gbì, kó má bàa máa dún kò-kò-kò lórí ìtàgé. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan iṣẹ́ tó ń bà mí nínú jẹ́. Àwọ̀ òyìnbó ni sátínì náà. A ó mú fóòmù kékeré, a ó kì í bọ inú pankéèkì tí mo fi ń kunjú lọ sí òde, a ó fi kun bàtà náà láti imú dé gìgísẹ̀, a ó kun ríbọ́ọ̀nù pẹ̀lú, títí wọn á fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Wákàtí kan ń bá a lọ. Pankéèkì kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti sùn nígbà náà.

Ní 2018 ni Freed àti Ballet Black jọ gbé bàtà tó bá awọ wa mu jáde. Ọdún 89 lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́?

Láàárọ̀, bíi agogo mẹ́wàá ààbọ̀, gbogbo wọn á dúró ti ọ̀pá, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, wọ́n á máa tẹ orúnkún bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ju wákàtí kan lọ. Láti ọ̀sán, ìfidánrawò ni títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì lè jẹ́ ijó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: èyí tí wọ́n ń ṣe lálẹ́ náà, èyí tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àti èyí tí wọ́n ṣì ń hun lọ́wọ́. Wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi yìnyín, wọ́n á kunjú, wọ́n á di irun. Agogo méje ààbọ̀, aṣọ ìtàgé ṣí. Bí mo bá ń rìn lọ síbi ọkọ̀ lẹ́yìn eré, tí mo ń sọ pé ó ti rẹ̀ mí, mo máa ń rántí pé ẹni tí mo wò kò tíì jẹun alẹ́.

Ó dáa, ṣé owó wà níbẹ̀?

Ó wà fún ìwọ̀nba. Ní Royal Ballet, ipele márùn-ún ni: Artist, First Artist, Soloist, First Soloist, Principal. Principal ni orúkọ wọn máa ń wà lára ògiri, àwọn náà ló sì ń gba owó gidi. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wà, ìlú olówó gọbọi bíi Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti ń san owó ilé. Ohun tó dùn mọ́ mi níbí ni pé wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Equity ló ń bá àwọn ọ̀gá dúnàá dúrà lórí owó àti wákàtí iṣẹ́ wọn.

Ní Amẹ́ríkà, AGMA ló ń ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n nǹkan le níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ fún wọn. Bí ọ̀sẹ̀ eré bá tán, owó tán; oníjó tí ẹ rí lórí ìtàgé ní oṣù Karùn-ún lè máa gba owó àìríṣẹ́ṣe lọ́wọ́ ìjọba ní oṣù Kẹjọ, tàbí kó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ijó. Ní oṣù Kejì 2024, àwọn oníjó American Ballet Theatre dìbò, ó kù díẹ̀ kí gbogbo wọn pé, pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè pe ìyanṣẹ́lódì bí àdéhùn bá wọ́. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni àdéhùn tó wọlé. Èyí tó tún ń bí mi nínú jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní àwọn ẹgbẹ́ kan lọ́hùn-ún: wọ́n ń jó níwájú àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò gba kọ́bọ̀, àwọn mìíràn sì tún ń san owó ẹ̀kọ́ lé e. Ẹni tó bá jó fún òǹwòran tó sanwó, owó iṣẹ́ tọ́ sí i.

Kí ló dé tí àwọn oníjó Paris fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2019, tó jẹ́ pé ìjọba ló ń sanwó wọn?

Owó ìfẹ̀yìntì ni. Láti 1698, láyé Ọba Louis kẹrìnlá, ni Opéra ti Paris ti ní ètò ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ sì ni oníjó ti ń fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 42. Ní 2019, ìjọba fẹ́ kó gbogbo ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Àwọn ènìyàn ní, kí ló dé, ṣé àwọn oníjó sàn ju àwa lọ ni? Ẹ rò ó wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé 40, ìbàdí àti orúnkún wọn ti ṣe iṣẹ́ ọgọ́ta ọdún. Ta ni yóò gbé obìnrin sókè lápá kan ní ọmọ ọdún 62?

Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ìyanṣẹ́lódì náà ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Àwọn oníjóbìnrin jáde sórí àtẹ̀gùn Palais Garnier, gbọ̀ngàn Opéra náà, nínú òtútù, wọ́n wọ aṣọ funfun, àwọn olórin jókòó sẹ́yìn wọn, wọ́n sì jó apá kan nínú Swan Lake fún ẹni tó ń kọjá. Ìta gbangba ni wọ́n ti fi ìka ẹsẹ̀ dúró o, kì í ṣe orí ìtàgé.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni èyí: ìjọba ti ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé kò ní kan àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà, àwọn tí wọ́n bá gbà láti 2022 lọ nìkan ni òfin tuntun máa mú. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní ta àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá mọ bí ìyẹn ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ní 2023, tí ìjọba Faransé fagi lé ọ̀pọ̀ ètò bẹ́ẹ̀, ti Opéra wà lára èyí tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìfarapa ńkọ́?

Kò sí oníjó tí kò ní in. Ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún, ìbàdí, ẹ̀yìn, egungun ẹsẹ̀ tó ń là díẹ̀díẹ̀ láì ṣubú. Ní oṣù Kẹwàá 2019, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ Steven McRae, principal ní Royal Ballet, já lórí ìtàgé nígbà tó ń jó Manon, lójú gbogbo ènìyàn. Ọdún méjì ló gbà á kó tó padà jó Romeo. Ó rí ilé-ìwòsàn inú gbọ̀ngàn lò, ó rí àwọn oníṣẹ́ iṣan àti egungun tí wọ́n dúró tì í. Oníjó ẹgbẹ́ kékeré tí iṣan rẹ̀ bá já, ta ló máa dúró tì í fún ọdún méjì? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pa ìrora mọ́ra. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ipa wọn á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí wọ́n bá kéde pé ẹni tí ẹ wá wò kò ní jó lálẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn.

Wọ́n ní ebi ni wọ́n fi ń pa wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ó ti dára sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì tíì tán. Ní 2023, BBC gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ballet ńláńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ba àwọn lọ́kàn jẹ́ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tó bá gbé ẹlòmíràn lé èjìká lóru kan ṣoṣo nílò ẹran, iyán àti ẹ̀fọ́ tó pọ̀ ju tèmi lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ ijó tí ọmọ mi kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ìbọ̀sẹ̀ gígùn aláwọ̀ píǹkì ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ wọ̀. Mo béèrè ìdí. Olùkọ́ náà fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ó yẹ kí ìbọ̀sẹ̀ bá awọ ara mu, kí ẹsẹ̀ lè gùn lójú. Mo wo ẹsẹ̀ ọmọ mi, mo wo ìbọ̀sẹ̀, mo wo olùkọ́. Kò rí ohun tí mò ń wò. A kúrò níbẹ̀ ní ìparí sáà.

Nítorí náà, nígbà tí Precious Adams, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń jó ní English National Ballet, sọ ní 2018 pé ìbọ̀sẹ̀ tó bá awọ òun mu ni òun fẹ́ máa wọ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà, ilé wa ni ayọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Berlin, Chloé Lopes Gomes ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Staatsballett gbà, ní 2018. Ó jáde sọ̀rọ̀ ní gbangba ní 2020, ó ní olùkọ́ kan mú kí òun fi àtíkè funfun kun ara nínú Swan Lake. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n sì ti sọ fún un pé wọn kò ní sọ ọ́ dọ̀tun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, ní 2021 wọ́n fún un ní ẹgbẹ̀rún 16 owó yúrò àti ọdún kan sí i. Ẹ wo bí àdéhùn ọlọ́dún kan ṣe lè di ẹnu ènìyàn: ta ló máa sọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ló kù kí iṣẹ́ rẹ̀ tán?

Ìròyìn ayọ̀ náà wà. Ní 2012, Céline Gittens ti Birmingham tiwa níbí jó olú ipa nínú Swan Lake, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2015, Misty Copeland di principal ní American Ballet Theatre. Ní Paris, Guillaume Diop, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Senegal, wà lára àwọn oníjó márùn-ún tó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ní 2020 lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ní oṣù Kẹta 2023, lẹ́yìn Giselle ní Seoul, wọ́n pè é ní étoile lórí ìtàgé, ipò tó ga jù lọ. Aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ni láti ìgbà tí Opéra ti wà.

Ẹ ti dárúkọ Acosta. Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Ògún ni?

Bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àdúgbò tálákà kan ní Havana ni wọ́n bí i sí ní 1973. Pedro, bàbá rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù ni, ó sì ń bọ Ògún gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ wa nílé ti ń bọ ọ́. Yuli ló ń pe ọmọ náà, ó ní jagunjagun ni, ọmọ Ògún ni. Ọmọ náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ó ń sá kúrò ní kíláàsì, wọ́n lé e, bàbá rẹ̀ tún mú un padà, nítorí kò fẹ́ kí ìgboro gbé e lọ. Oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ballet ìjọba Cuba. Ní 1990, ó gba wúrà ní Prix de Lausanne, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ oníjó. Ní 1998, ó wọ Royal Ballet, ó di principal aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọmọ Yorùbá tó ń jó Ògún, tó ń fi apá ṣán igbó bí ẹni mú àdá lọ́wọ́, tó wá rí bí Acosta ṣe ń fò nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, á mọ̀ pé bàbá yẹn kò parọ́.

Ballet wà ní Nàìjíríà bí?

Ó wà. Ní 2017, Daniel Owoseni Ajala dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní Ajangbadi, ní Èkó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì àti inú ìwé ló ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó mọ̀, kò sì gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ní oṣù Kẹfà 2020, fídíò ọmọ kan jáde: Anthony Madu, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń pòyì láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ títutù, òjò ń pa á. Gbogbo ayé pín in kiri. Ó padà rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní Elmhurst, ilé-ẹ̀kọ́ ballet kan níbí ní Birmingham. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ilẹ̀ kọ́ńkéré tí àwọn tó kù ṣì ń jó lé lórí. Ilẹ̀ ijó gidi máa ń jì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Kọ́ńkéré kì í jì, orúnkún ọmọ ló ń gbà á.

Ọmọ mi fẹ́ kọ́ ọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ. Ẹ lọ wo ilẹ̀ yàrá náà. Ẹ béèrè nípa ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà orí ìka fún un kí ó tó pé bíi ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti le. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ní ẹ̀bùn tó gba ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, ètò ìjọba kan wà, Music and Dance Scheme, tó ń ran òbí lọ́wọ́ lórí owó ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí owó tó ń wọlé fún wọn bá ṣe tó.

Nígbà tí wọn kò bá lè jó mọ́ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ti kúrò kí wọ́n tó pé 40. Níbí, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Dancers' Career Development ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ènìyàn máa ń fi Margot Fonteyn, gbajúmọ̀ oníjóbìnrin Royal Ballet láyé àtijọ́, bi mí: ṣé kì í ṣe pé ó jó títí ó fi dàgbà? Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 42 ni nígbà tí òun àti Nureyev, oníjókùnrin ọmọ Rọ́ṣíà, kọ́kọ́ jọ jó Giselle ní 1962. Ṣùgbọ́n ní 1964, ìbọn ba ọkọ rẹ̀, ó di arọ, owó ìtọ́jú sì pọ̀. Lára ohun tó mú un máa jó lọ nìyẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. À ń pàtẹ́wọ́ fún un pé kò dàgbà.

Ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn lẹ́yìn eré?

Bí òtútù kò bá pọ̀ jù. Kì í ṣe àwọn ọ̀gá ni mo ń dúró dè, àwọn yẹn ní ọ̀pọ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Àwọn tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, ọmọge kan jáde pẹ̀lú báàgì ẹ̀yìn, irun rẹ̀ ṣì le gbagidi pẹ̀lú oje irun, ìyẹ́ funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀yìn etí. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá mi," kí n tó rántí pé kò gbọ́ Yorùbá, mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé mo rí i, ẹnìkẹta láti òsì, pé kò mira rárá. Ó dúró, ó wò mí. Ó ní kò tíì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Mo mú ìwé eré àti bírò jáde, mo ní kó fi orúkọ rẹ̀ hàn mí. Ó fi ìka wá a láàárín àwọn orúkọ wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀, ó fà á nídìí, ó sì tiro díẹ̀ nígbà tó ń sáré lọ bá bọ́ọ̀sì.